Ibi Tó Bá Ti Rẹ̀ Mí Ni Madam Máa Ń Gé

Ẹ̀yin àbúrò mi, orí ìjókòó ni mo ti ń kọ eléyìí o, torí orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú èmi alára. Ìbàdí mi ṣì ń bá wọn dúnàádúrà.

Ṣẹ́gun ló fà á. A jọ wà nínú yàrá kan ní International City, ní Dubai ni, bedspace mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì kan lórí èkejì. Òkè ni mo máa ń sùn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbé mi wá sísàlẹ̀ báyìí. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ àgbà ni. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n kí n má jábọ́ lé wọn lórí. Ṣẹ́gun ń ṣe security ní mall, contract rẹ̀ ti fẹ́ parí, kò mọ iṣẹ́ tó kàn. Ó wò mí bí mo ṣe ń ká aṣọ mi sínú báàgì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń lọ sílé nìyẹn. Ọdún méjìlélógún! Iṣẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ṣe gan-an ní ìlú yìí?"

"Mo kàwé."

"University wo?"

"University kẹ̀? Mo kàwé sí ìyá àgbàlagbà kan létí ni."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ṣẹ́gun ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi mí ṣeré. Wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ fún ìyẹn? Yalla, ó yá, ẹ mú mi débẹ̀!"

Mi ò lè mú un débẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Bí mo ṣe dé Dubai, àgẹ́ǹtì tó mú mi wá, iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fò ó, ìtàn gbogbo yín náà ni. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà nílé, èsì rẹ̀ ò sì ṣeé fi han àlejò. Nínú English mo gba P7, ìyẹn ni pé ẹni tó máàkì í ṣàánú mi, ṣùgbọ́n kò ṣàánú mi jù. Security ni mo kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n gbé mi sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Muwaileh, ní Sharjah, níbi tí àwọn tó ń kọ́ni ní university ń gbé.

Madam Kọ́rà ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé yẹn. Ará Amẹ́ríkà ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́ni, òun ń kọ̀wé nílé. Oríṣi méjì ló ń kọ: àròkọ fún àwọn ìwé ìròyìn ìlú wọn, àti ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, gbogbo wa rò pé ó máa palẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, pé inú ilé tí òun ti mọ ibi tí gbogbo switch wà lóun máa dàgbà sí. Ojú rẹ̀ ti ń kú lọ nígbà yẹn, ìdí ọ̀rọ̀ switch nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oorun fẹ́ pa mí níbi iṣẹ́. Mo bá mú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ti jù nù, mo ń kà á sókè kí ojú mi lè là. Mo kà dé àárín gbólóhùn kan, èémí tán nínú mi, mo dúró. Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi:

"Kí ló dé tó o dúró?"

Mo fò dìde. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Gbólóhùn yẹn ló gùn. Ó rẹ̀ mí."

Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ o, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín, kí ẹ má bàa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi ìgbà yẹn. Madam rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó tún rẹ̀ mí níbì kan náà. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo ti wọ pálọ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Àga igi kan wà, kò ní tìmùtìmù. Tábìlì kan wà, òkúta dúdú kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ nítorí ẹ̀fúùfù ẹ̀rọ amúlétutù. Pẹ́ńsù ló fi ń kọ, lẹ́tà ńlá ńlá bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tí mo bá ti dé láàárọ̀, màá mú ìwé tó kọ, màá máa kà á sí i létí, òun á di ojú, á fi pẹ́ńsù kejì sọ́wọ́. Níbi tí mo bá ti kọsẹ̀, kọ̀ọ́! Ó kan tábìlì nìyẹn. "Sàmì síbẹ̀." Wákàtí méjì, kò sí tíì, kò sí "Kay, ṣé o ti jẹun?" Kay ló ń pè mí, Káyọ̀dé gùn jù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti gé e.

Kọ̀ọ́ yẹn ń dùn mí lọ́kàn. Mo rò pé P7 mi ló ń kàn bẹ́ẹ̀. Mo wá ní màá fi ọgbọ́n orí bò ó. Mo yá àròkọ rẹ̀ méjì lọ sílé, mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á títí àwọn tí a jọ ń gbé fi ní kí n jọ̀ọ́ kí n lọ ka Bíbélì dípò. Ní ọjọ́ kejì mo jókòó, mo kà á geere láìdúró, bíi newscaster. Mo parí, mo ń retí kó yìn mí.

Madam la ojú. Ojú yẹn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ bí èèyàn ṣe ń wòye.

"Ta ló ní kó o múra sílẹ̀?"

"Mà?"

"O ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ fún mi. Àwọn tó lè kàwé dáadáa pọ̀ nílùú yìí, Kay. Mi ò gbà wọ́n. Ìwọ ni mo gbà, torí pé ó tètè máa ń rẹ̀ ọ́. Ibi tó bá ti rẹ̀ ọ́, ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ẹjọ́ tìẹ. Ibẹ̀ ni màá gé."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Nínú gbogbo ayé mi, láti ilé ìwé dé ẹnu géètì, wọ́n ń bú mi pé ó tètè ń rẹ̀ mí. Obìnrin yìí ló wá sọ àìsàn mi di iṣẹ́. Àwọn àgbà ní bó ti wù ká mọ̀ ọ́n gún ká mọ̀ ọ́n tẹ̀ tó, iyán ewùrà á lẹ́mọ. Èmi ni Madam gbà pé kí n máa bá òun wá ẹ̀mọ iyán.

Mi ò múra sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyẹn nìkan ni ìlànà iṣẹ́ tí mi ò rú rí, torí kò gba agbára kankan.

Bí mo ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn, ọdún ń lọ. Àròkọ rẹ̀ kì í dá lórí nǹkan ńlá. Ó kọ nípa aṣọ tí àwọn èèyàn sá sí balcony. Ó kọ nípa ọkùnrin tó ń ta máńgòrò, tó máa ń gbóòórùn ìkọ̀ọ̀kan kó tó fi í sílẹ̀ fún oníbàárà. Ó tiẹ̀ kọ odindi àròkọ kan nípa àga oníke tí mo máa ń jókòó lé ní géètì, èyí tí mo fi wáyà rán ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo ń wá orúkọ mi. Àga nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Mà, èmi ńkọ́?"

"Àga yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ tán."

Ní ti ìwé ọmọdé, ibẹ̀ ló ti le jù. Ó máa ń ní, "Ọmọdé ò gọ̀, Kay. Wọn ò kàn tíì ga ni." Lọ́jọ́ kan tí mo dá a lábàá pé kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkun tóbi púpọ̀, ó ní, "Má sọ fún ọmọ pé òkun tóbi. Jẹ́ kí ràkúnmí wò ó, kó gbàgbé oúnjẹ tó ń jẹ lẹ́nu."

Ẹ̀rọ ń dé, ẹ̀rọ ń lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí èèyàn á máa sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Madam sọ̀rọ̀ sí i fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ń gbọ́ ohùn ara òun jù. Computer dé. Èmi ni mo ń fi ìka méjì tẹ àwọn àròkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni fóònù tó ń kàwé fúnra rẹ̀ dé. Àyà mi já, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ọmọ rẹ̀ bá wa ṣètò rẹ̀ lórí video call, ó ní kí màmá òun gbọ́. Fóònù yẹn ka ojú ìwé mẹ́rin láìmí. Ohùn rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ohùn ta ni kò dáa ju tèmi lọ?

Madam gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Pa á. Kì í rẹ̀ ẹ́. Báwo ni màá ṣe mọ ibi tó máa ti rẹ èèyàn?"

Mo rìn bí ọba lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká débi ọ̀ràn. Ìyàwó mi, Ìyá Fẹ́mi, àwo tánńganran ló ń tà ní Èkó. Èmi ni mo ń ra àwo fún un ní ọjà Naif, ní Dubai, màá dì í sínú páálí, Bashir oníkágò á gbé e sínú ọkọ̀ òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti di àwo rí mọ̀ pé bébà ló ń gbà á là. Madam ní apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ń ju ìwé tó ti gé sí. Ó ti sọ fún mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́: "Èyí tó wà lábẹ́ òkúta, má fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀, tìẹ ni." Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí àwọn àwo Ìyá Fẹ́mi fi ń wọ ìwé Madam lọ sí Èkó.

Ìwé tó kẹ́yìn tó ń kọ, ti ràkúnmí kan ni. Ràkúnmí eré ìje ni tẹ́lẹ̀, ó ti darúgbó, wọn ò fi sáré mọ́, ó wá ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ wo òkun. Ó gba Madam ní ọdún mẹ́ta, torí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó ń rí. Ó máa ń fi rúlà tẹ́ ìlà kí pẹ́ńsù má bàa ṣìnà. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sínú computer, kò gbà kí n ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní tí ìwé ọmọdé bá ti ní ẹ̀dà kí ó tó parí, òun máa di ọ̀lẹ sí i. Ọjọ́ tó kọ ojú ìwé tó kẹ́yìn, mo ti lọ sílé. Mi ò tíì kà á. A fi í di ọ̀la.

Ọ̀la ò dé. Òjò ló dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò ibí kì í mọ̀ ọ́n rọ̀: kò ní rọ̀ rárá, tàbí kó rọ̀ bí ẹni ń gbẹ̀san. Omi wọ inú ilé Madam dé kókósẹ̀. Kí n tó ráyè débẹ̀, ó ti ń fọwọ́ tá ilé kiri, ó ń gbé nǹkan sókè. Ó kó ràkúnmí rẹ̀ kúrò lábẹ́ òkúta, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ búlúù, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sọ fún mi. Mo dé, mo gbálẹ̀, mo gbọ́n omi. Ọjọ́ kejì ni Bashir máa ti páálí. Bí mo ṣe ń jáde, mo nawọ́ sókè, mo kó ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀.

Mi ò wò ó. Akàwé ni mí, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ torí ìwé kíkà, mo kó ìwé, mi ò wo ojú rẹ̀. Ìkánjú! Ní Naif, mo wé àwo pẹ̀lú rẹ̀, mo ń súfèé. Nígbà tí a parí, Bashir ní, "Bhai, paper for label." Mo na èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi sí i, ẹyọ kan ṣoṣo. Ó kọ orúkọ Ìyá Fẹ́mi sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, ó fi táàpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí. Mo tiẹ̀ bá a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè lẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé Madam gbẹ. Ó jókòó, ó di ojú. "Yalla, Kay. Ràkúnmí. Ó wà nínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e sókè nítorí omi."

Ẹ̀yin ará, ràkúnmí ni mo fi wé àwo! Mo jáde, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sá dé Naif. Bashir wò mí tàánútàánú. "Ship khalas, bhai. Yesterday." Ọkọ̀ ti gbéra lánàá.

Mo pe Ìyá Fẹ́mi.

"Jọ̀ọ́, páálí tó ń bọ̀ yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ìwọ nìkan ni kó o tú u."

"Kí lẹ fi sí i? Ṣé góòlù ni?"

"Bébà."

"Bébà wo?"

"Èyí tí mo fi wé àwo."

"Bàbá Fẹ́mi, ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

Mo padà sí Muwaileh. Madam ṣì wà lórí àga, bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin. Kò mọ̀ pé mo kúnlẹ̀, mo ní láti sọ fún un.

"Níbo ló wà?"

"Lórí òkun, mà."

Ó ní, "Ó ti débẹ̀ ṣáájú mi nìyẹn." Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkọ̀ máa lò. Mo ń lọ lójoojúmọ́, mò ń jókòó lórí àga láìsí ìwé lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò lè tún un kọ, Kay. Mo kọ ọ́ kí n lè gbé e kúrò lórí ni, kò sí níbẹ̀ mọ́. Sọ èyí tó o rántí." Mo ronú, mo làágùn. Ibi tó ti rẹ̀ mí nìkan ni mo rántí, àwọn ibi tó ti kan tábìlì, tó ti gé. Gbogbo ibi tó dùn ti ṣàn lọ bí omi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, o ti ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ."

Páálí dé Èkó. Ìyá Fẹ́mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tú àwo ní ìkọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan bá a dá sí i. Bébà ti hunjọ pátápátá. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ̀ wọ́n bí ẹni ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ó ń ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí WhatsApp mi, ó ń fi ohùn sí i: "Ogójì rèé o. Ẹ sọ fún madam yín pé mo ní kó pẹ̀lẹ́. Tìtorí yín ni mi ò ṣe tíì ta àwo kankan." Ọgọ́ta pé. Ó ku ẹyọ kan, èyí tó kẹ́yìn, èyí tí Bashir fi ṣe label, tó gun òkun lára páálí láìsí ààbò. Àwọn alágbàrù wáàfù ti gbé e, wọ́n ti wọ́ ọ, ìdajì rẹ̀ ti ya lọ. Ìyá Fẹ́mi fi ooru omi yọ táàpù lára ìdajì tó kù, ó lọ̀ ọ́, ó fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ka ràkúnmí láti inú fóònù sí Madam létí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ojú ìwé ọ̀hún, èyí tí mi ò tíì kà rí. Ràkúnmí ti dé etí omi. Láti kékeré ló ti ń sáré fún àwọn ẹlòmíì, lónìí kò sẹ́ni tó ní kó sáré. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ omi. Omi náà tutù.

Ibẹ̀ ló ti ya. Nísàlẹ̀ rẹ̀, orí àwọn lẹ́tà nìkan ló yọ, bí orí àwọn tó ń wẹ̀ nínú òkun. Mo dákẹ́.

"Kí ló dé tó o dúró?"

"Bébà ló tán, mà."

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà."

Ó fi pẹ́ńsù lélẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kàn án. Ó ní, "Àlàyé ni mo kọ síbẹ̀. Ìdajì ojú ìwé, àlàyé ṣáá ni. Jẹ́ kó parí síbi omi tútù yẹn."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú yín má lọ fi iná sílé ọba o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló hu gbogbo ewú orí mi.

Ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò pẹ́ lọ títí. Ìwé ràkúnmí ló kọ́kọ́ jáde, òun sì tẹ̀lé e, ó jáde láyé. Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣí i, lójú ewé àkọ́kọ́ wọ́n kọ ọ́ pé: "Fún Kay, tó mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ̀ ẹ́." Ẹ wò ó, orúkọ mi wọ inú ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé, ohun tí wọ́n jẹ́rìí sí náà ni pé ó rẹ̀ mí.

Mo padà sídìí security. Ọjọ́ orí mi ti wá kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ wa ń tún visa ṣe fún, khalas. Lánàá mo lọ sí Naif, mo di páálí ara mi. Bashir náà ti hu irùngbọ̀n funfun. Ó ní kí n mú bébà label wá. Mo wo iwájú rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo tún wo iwájú, títí ó fi pariwo: "Habibi, it is only paper!"

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fi kádìí rẹ̀ fún yín, lórí iṣẹ́ àti sùúrù àti bí èèyàn ṣe ń mọ ọ̀gá tó dáa. Mo ti kọ ọ́ tó ojú ìwé kan. Mo na ìwé náà sí Ṣẹ́gun pé kó kà á sókè fún mi, mo dùbúlẹ̀, mo di ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dé ìlà kẹta, ó fà díẹ̀. Ó dé ìkẹrin, ó yán.

Mo kan igi bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Bá mi gé e síbẹ̀."